Ohun tí mo kọ́ nípa dídín irun ẹsẹ̀ kù fún ọkùnrin aláwọ̀ dúdú

Ẹ̀yin arákùnrin mi, ọ̀rọ̀ irun ẹsẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ fáàrí nìkan. Iṣẹ́ ilé kíkọ́ ni mò ń ṣe ní London, bàtà sáìtì tó ga kọjá ọrùn ẹsẹ̀ ló sì máa ń wà lẹ́sẹ̀ mi láti ìdájí títí di ìrọ̀lẹ́. Irun ẹsẹ̀ mi pọ̀, ó sì lọ́ bíi ti orí. Bàtà á tẹ̀ ẹ́ mọ́ ara lábẹ́ ìbọ̀sẹ̀, òógùn á rin ín, irun á ká padà, á gún awọ, á wọnú ara lọ. Ibi tó bá wọ̀ á yọ kókó, kókó á ṣọyún, bó bá gbẹ á fi àbàwọ́n dúdú sílẹ̀. Nígbà tó yá, ojúgun mi méjèèjì rí págunpàgun, mi ò sì lè fọwọ́ pa á láìjẹ́ pé ó dùn mí.

Nígbà tí mo sọ pé mo fẹ́ dín irun náà kù pátápátá, àwọn kan bi mí pé ṣé mo fẹ́ di obìnrin ni. Mo dá wọn lóhùn pé ara tó ń ṣọyún kò mọ ọkùnrin yàtọ̀ sí obìnrin. Ẹni tí ara bá ń dùn ló mọ̀ ọ́n. Ẹni tó sì jẹ́ pé bó ṣe fẹ́ kí ẹsẹ̀ òun rí nìyẹn, ẹsẹ̀ tirẹ̀ ni, kò jẹ ẹnikẹ́ni ní àlàyé.

Kí ẹ tó náwó kankan, ẹ gbìyànjú kílípà fún oṣù mélòó kan. Ẹ má fá irun kanlẹ̀. Ẹ gé e kó ku bíi mìlímítà 1 tàbí 2. Bí abẹ bá gé irun tó lọ́ mọ́lẹ̀, orí rẹ̀ á mú ṣóńṣó, bó bá sì ti ń hù padà ni yóò máa wá ibi tí yóò gún. Irun tó bá gùn díẹ̀ kì í tètè wọnú ara. Mo mọ àwọn tó jẹ́ pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tiwọn parí sí, wọn ò sì ná ju owó kílípà lọ. Bó bá ti ń ṣọyún, dókítà ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ rí, nítorí kò yẹ kí wọ́n tan ẹ̀rọ kankan sí ara tó ní egbò.

Àwọn àgbà kan ní sáìtì wa tún sọ pé fífá ló ń mú kí irun nípọn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Láti ọdún 1928 ni Mildred Trotter, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan ní Amẹ́ríkà, ti tẹ ìwádìí jáde lórí àwọn ọkùnrin tó ń fá irun, kò sì rí i pé irun wọn nípọn sí i tàbí pé ó ń yára hù. Orí irun tó tẹ́ẹ́rẹ́ ni abẹ gé kúrò, ìdí tó kù ló máa ń le lọ́wọ́.

Pàúdà ìfárun àti ìpara tó ń jẹ irun, òkè awọ ni iṣẹ́ wọn mọ. Wọn kì í dé ìdí irun, bẹ́ẹ̀ bí wọ́n bá pẹ́ lára ju àkókò tí wọ́n kọ sára páálí lọ, wọ́n á bó èèyàn lára. Fífà á tu pẹ̀lú wax ń mú irun lọ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, àmọ́ ìdí tó hu irun náà ṣì wà níbẹ̀. Òróró tí wọ́n ń tà lórí Instagram pé ó ń pa gbòǹgbò irun, ẹ má fowó yín rà á.

Ìtàn kan wà tí mo máa ń sọ fún ẹni tó bá ń kánjú. Ní Amẹ́ríkà, ní nǹkan bí ọdún 1920 sí 1930, àwọn ilé ẹwà kan ń fi X-ray pa irun ojú àwọn obìnrin. Tricho ni wọ́n ń pe ẹ̀rọ tó gbajúmọ̀ jù nínú wọn. Irun náà lọ lóòótọ́, kò sì dùn wọ́n. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀ ni awọ wọn bẹ̀rẹ̀ sí í hunjọ, egbò tí kò san yọ, jẹjẹrẹ sì pa nínú wọn. Láti ìgbà tí mo ti ka èyí ni mi ò ti béèrè mọ́ pé ṣé irun á lọ. Ohun tí mò ń béèrè ni ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí awọ tí irun náà wà.

Ọ̀nà méjì ni wọ́n fi ń pa irun láti ìdí lónìí.

Èkíní ni ẹlẹkitirólísì. Abẹ́rẹ́ tó tẹ́ẹ́rẹ́ gan-an ni wọ́n ń tì bọ ihò irun kọ̀ọ̀kan, wọ́n á rán iná mànàmáná díẹ̀ wọlé, ìdí irun á kú. Ó ti pẹ́ láyé: dókítà ojú kan ní ìlú St. Louis, Charles Michel, ló fi yọ irun ìpéǹpéjú tó ń gún ojú aláìsàn, ní ọdún 1875. Àjọ FDA ti Amẹ́ríkà, tó ń bójú tó oògùn àti ẹ̀rọ ìwòsàn, gbà kí wọ́n pe èyí ní ọ̀nà tó ń yọ irun títí láé. Léésà, tó jẹ́ ọ̀nà kejì, ní tirẹ̀, ohun tí wọ́n gbà kí wọ́n sọ ni pé ó ń dín irun kù títí láé. Ẹ fi ìyàtọ̀ yẹn sọ́kàn, torí ọ̀pọ̀ ibi tó ń polówó léésà kì í sọ ọ́. Ẹlẹkitirólísì kò bìkítà nípa àwọ̀ ara tàbí àwọ̀ irun, ó ń pa irun funfun pẹ̀lú, èyí tí léésà kò lè ṣe. Àmọ́ irun kan lẹ́ẹ̀kan ni. Ẹsẹ̀ ọkùnrin méjèèjì ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún irun, ẹ ò lè jókòó tí abẹ́rẹ́ tó gbogbo rẹ̀. Èmi lò ó fún orí àtàǹpàkò ẹsẹ̀ nìkan, níbi tí irun kò ti ju díẹ̀ lọ, ó sì ta mí gan-an.

Èkejì ni léésà, òun ni mo fẹ́ kí ẹ farabalẹ̀ gbọ́ dáadáa. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń wá ohun dúdú. Àwọ̀ dúdú inú irun, tí wọ́n ń pè ní melanin, ló ń gba ìmọ́lẹ̀ náà, á gbóná, ooru á sì pa ìdí irun. Lára òyìnbó, irun nìkan ló dúdú. Lára tèmi tìẹ, awọ náà kún fún melanin. Bí ìmọ́lẹ̀ bá dúró sórí awọ kó tó dé ìdí irun, awọ ló máa jó, kì í ṣe irun. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé orúkọ ẹ̀rọ ṣe pàtàkì fún wa ju iye owó lọ.

Oríṣiríṣi ni ẹ̀rọ léésà, ìwọ̀n ìgùn ìgbì ìmọ́lẹ̀ wọn, tí wọ́n ń fi nánómítà kà, ni wọ́n fi ń yàtọ̀ síra. Èyí tí àwọn dókítà awọ ara máa ń yàn fún ara dúdú ni Nd:YAG, tó jẹ́ nánómítà 1064. Ìmọ́lẹ̀ yìí ń wọlé jìn, melanin òkè awọ kì í sì í dá a dúró tó ti àwọn yòókù. Alexandrite, tó jẹ́ nánómítà 755, ara funfun ló bá mu. Diode, tó máa ń wà ní bíi 810, wà láàárín. Àwọn kan ń lò ó fún wa, àmọ́ ó gba ọwọ́ tó mọ iṣẹ́. IPL kì í ṣe léésà rárá, ìmọ́lẹ̀ onírúurú ló ń tàn lẹ́ẹ̀kan náà, òun ló sì máa ń jó ara dúdú jù. Àwọn ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń tà fún lílò nílé, IPL ló pọ̀ jù nínú wọn. Ẹ wo àwòrán àwọ̀ ara tó wà lára páálí: àwọ̀ tó dúdú jù ni wọ́n máa ń fi àmì èèwọ̀ sí. Òmíràn tiẹ̀ wà tó jẹ́ pé bó bá kan ara wa, kò ní tàn.

Ibi àkọ́kọ́ tí mo lọ, wọ́n ní ẹ̀rọ àwọn bá gbogbo àwọ̀ mu. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n rí i. IPL ni wọ́n kọ sára rẹ̀ gàdàgbà. Mo dúpẹ́, mo sì jáde. Ẹ má tijú láti ṣe bẹ́ẹ̀.

Ibi tí mo padà ṣe é, àǹtí kan tó jẹ́ ọmọ Ìjẹ̀bú ló ń lo ẹ̀rọ náà. Kò tilẹ̀ kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ owó. Ó bi mí bóyá egbò mi máa ń wú ju bó ṣe yẹ lọ bó bá san, bóyá mò ń lo ìpara tó ń bó ara, àti oògùn tí mò ń mu. Ó wá fi ẹ̀rọ tan ibi bíi mélòó kan lẹ́yìn ojúgun mi, ó ní kí n máa lọ ilé. Ìdánwò nìyẹn. Ara dúdú kì í fi gbogbo àbàwọ́n rẹ̀ hàn lọ́jọ́ kejì, nítorí náà mo ní sùúrù kọjá ọjọ́ tí wọ́n dá fún mi. Ẹni tí kò bá fẹ́ dán an wò lára yín, ẹ má jókòó sí iwájú rẹ̀.

Ní ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ ṣe é, ẹ ti ní láti fá ẹsẹ̀ yín ní ọjọ́ tó ṣáájú, kí ìmọ́lẹ̀ má bàa jó irun tó wà níta. Ẹ má fi wax fà á tu fún bí ọ̀sẹ̀ 4 ṣáájú, torí bí ìdí irun bá ti jáde, kí ni léésà fẹ́ pa? Wọ́n á fún yín ní gíláàsì dúdú fún ojú. Atẹ́gùn tútù á fẹ́ sí ara, ìmọ́lẹ̀ á sì ta pàú, bí ìgbà tí wọ́n fi rọ́bà ta èèyàn. Ojúgun ló dùn mí jù, nítorí egungun sún mọ́ awọ níbẹ̀. Òórùn irun tó jó á gba yàrá kan. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, ìdí irun kọ̀ọ̀kan á wú bíntín, bí ara ẹni tí òtútù mú. Àǹtí ní àmì pé ó wọlé dáadáa nìyẹn. Bí wọ́n bá bẹ̀rù àwọ̀ yín tí wọ́n yí agbára ẹ̀rọ wálẹ̀ jù, irun kò ní kú, owó yín á sì ti lọ.

Irun tó kú kì í já lọ́jọ́ náà. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí mẹ́ta, á máa yọ jáde, ẹ ó rò pé ó ń hù ni. Ẹ má fà á. Ẹ fi kànìnkànìn sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, ẹ má fi omi gbígbóná wẹ ẹsẹ̀, ìpara tí kò ní òórùn dídùn ni kẹ́ ẹ fi pa á.

Ẹ̀ẹ̀kan kò tó, ẹ̀ẹ̀mejì kò tó. Gbogbo irun kì í hù lẹ́ẹ̀kan náà: àwọn kan ń dàgbà, àwọn kan ń sinmi, èyí tó ń dàgbà nìkan ni léésà lè pa. Ti ẹsẹ̀ ń lọ́ra, nítorí náà ọ̀sẹ̀ 6 sí 10 ni wọ́n máa ń fi sí àárín, ọ̀pọ̀ èèyàn sì nílò rẹ̀ bí ẹ̀ẹ̀mẹ́fà sí ẹ̀ẹ̀mẹ́jọ, àwọn míì jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èròjà ara ọkùnrin kì í jẹ́ kí irun sinmi bíi ti obìnrin, nítorí náà ẹ fi owó díẹ̀ pamọ́ fún pípadà lọ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan lọ́dún. Ẹ máa sanwó ní ìgbà kọ̀ọ̀kan, ẹ má ra gbogbo rẹ̀ pa pọ̀ kẹ́ ẹ tó mọ bí ara yín ṣe gbà á.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń lọ sílé ní Disẹ́ńbà, ọ̀rọ̀ yín rèé. Mo dé láti Ìbàdàn, ara mi ti dúdú sí i. Àǹtí wo apá mi, ó ní, “Bùrọ̀dá, oòrùn ilé ṣì wà lára yín. Ẹ padà wá lóṣù tó ń bọ̀.” Ó tún bi mí pé oògùn ibà wo ni mo lò. Doxycycline, tí wọ́n ń fún ọ̀pọ̀ nínú wa kí ibà má bàa mú wa, máa ń jẹ́ kí awọ tètè bínú sí ìmọ́lẹ̀, ọ̀sẹ̀ 4 la sì tún ń lò ó lẹ́yìn tí a bá padà dé. Ẹ má torí irun dá oògùn ibà dúró o. Léésà ni kẹ́ ẹ sún síwájú.

Ní England, láti ọdún 2010 ni àjọ CQC, tó ń bójú tó ilé ìwòsàn àti ìtọ́jú, kò ti bójú tó àwọn ilé tó ń fi léésà yọ irun lásán mọ́. Ní London, ọ̀pọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ ṣì ń fún wọn ní ìwé àṣẹ lábẹ́ òfin àwọn ìjọba ìbílẹ̀ London ti ọdún 1991. Ẹ ní kí wọ́n fi tiwọn hàn yín.

Iwájú ojúgun mi ti jọ̀lọ̀, kókó kò yọ níbẹ̀ mọ́. Àwọn àbàwọ́n àtijọ́ ń ṣá díẹ̀díẹ̀, wọn ò tíì lọ tán. Irun itan mi ṣì wà, mi ò fọwọ́ kàn án, nítorí kò yọ mí lẹ́nu. Kò sí òfin tó ní kẹ́ ẹ ṣe gbogbo ẹsẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé, ilé ìwòsàn LUTH ní Ìdí-Àràbà àti UCH ní Ìbàdàn ní ẹ̀ka dókítà awọ ara. Kẹ́ ẹ tó gba Lekki tàbí Ìkẹjà lọ fún léésà, ẹ jẹ́ kí dókítà ibẹ̀ wo ara yín, pàápàá bí àpá yín bá máa ń wú. Ẹni tí àpá rẹ̀ ń wú lè má yẹ fún léésà tàbí ẹlẹkitirólísì, kílípà ló sì máa sàn fún un jù.