Ìgbòkun Bí Apá Àdán: Ìrìnàjò Mi sí Plymouth

Àdán ńlá kan ni mo rò pé ó bà lójú omi. Etí odò Medway ní Kent ni mo dúró sí lọ́jọ́ náà, nígbà ooru ọdún tó kọjá, ọkọ̀ kékeré kan sì ń bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán. Ìgbòkun rẹ̀ pupa bí ilẹ̀ oko, àwọn ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ là á kọjá láti etí kan dé èkejì, gẹ́lẹ́ bí eegun ṣe la apá àdán. N kò rí irú rẹ̀ rí. Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni mí, etí ọ̀sà ni wọ́n bí mi sí, bàbá mi sì fi ìgbòkun wa ọkọ̀ títí mo fi tó ọmọ ọdún mẹ́wàá. Ohun tó bá jẹ mọ́ ọkọ̀ kì í kọjá lójú mi kí n má dúró wò ó.

Mo dúró títí ó fi súnmọ́ èbúté. Bàbá òyìnbó kan ló dá wà nínú rẹ̀, ó ti lé ní àádọ́rin ọdún dáadáa. Ó tú okùn kan ṣoṣo, gbogbo ìgbòkun náà sì sọ̀ kalẹ̀ fúnra rẹ̀, ọ̀pá lórí ọ̀pá, bí ìgbà tí èèyàn bá ká ẹní. Bàbá yìí kò tilẹ̀ dìde níbi tó jókòó sí. Ara mi bù máṣọ. Mo kí i, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, báwo lẹ ṣe ṣe ìyẹn?" Ó ní irú ìgbòkun tí àwọn ará Ṣáínà ń lò ni, pé kí n wọ inú ọkọ̀ wá wò ó.

Nígbà tó gbọ́ pé iṣẹ́ káfíńtà ni mò ń ṣe ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sọ fún mi pé òun ń kan ọkọ̀ kan tó kéré ju èyí lọ sẹ́yìn ilé òun ní Plymouth, àmọ́ ọwọ́ òun ti ń gbọ̀n, kò rọrùn fún òun láti di ayùn mú mọ́. Mo ní bó bá lè kọ́ mi ní ìgbòkun yìí, màá wá bá a kàn án parí. Báyìí ni mo ṣe di èrò Plymouth. Bọ́ọ̀sì láti Victoria ní Lọ́ńdọ̀nù máa ń gbà tó wákàtí mẹ́fà, ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni mo sì wọ̀ ọ́ láàárín oṣù kẹta sí oṣù keje.

Mítà márùn-ún àbọ̀ ni ọkọ̀ náà gùn. Pláìwúùdù ni ara rẹ̀, ó sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí kí n tó dé. Òpó ló kù, òpó yẹn ló sì gbà mí lọ́kàn jù lọ. Òpó tó wà lórí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ìgbòkun òyìnbó, wáyà ló ń dì í mú lọ́tùn-ún lósì. Òpó ti àwọn ará Ṣáínà kì í sábà ní wáyà kankan. Ó máa ń dá dúró bí igi àgbọn: ìdí rẹ̀ wọ ihò nísàlẹ̀ ọkọ̀, igi òkè ọkọ̀ sì gbá a mú níbàdí. Bí afẹ́fẹ́ bá le, yóò tẹ̀ díẹ̀, yóò sì nà padà. A la pákó gígùn mẹ́jọ, a gé etí kan ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ẹnu ẹyẹ tó là, a fi gọ́ọ̀mù sí i, a wá ń ki ẹ̀gbẹ́ ọ̀kan bọ ẹnu èkejì yípo títí wọ́n fi pàdé, tí wọ́n di páìpù igi tí inú rẹ̀ ṣófo. Ká tó pe wákàtí kan, a ti fi okùn dì í láti ìdí dé orí, torí gọ́ọ̀mù kò ní dúró de ẹnikẹ́ni. Lọ́jọ́ kejì, a fá igun mẹ́jọ rẹ̀ títí ó fi rí róbótó. Mo ti kan bẹ́ẹ̀dì, mo ti kan àtẹ̀gùn sílé àwọn olówó, kò sí èyí tó dùn mọ́ mi tó òpó yẹn. Àwọn mìíràn, òpó iná títì tí wọ́n fi aluminíọ́mù ṣe ni wọ́n ń rà, ìyẹn náà sì dára.

Ìgbòkun wa ní ojú mẹ́fà. Ọ̀pá márùn-ún ló pín wọn, ọ̀kan tó nípọn wà lókè tí a fi ń fà á gòkè, òmíràn wà nísàlẹ̀, gbogbo rẹ̀ wá jẹ́ méje. Apá kan ìgbòkun náà yọ síwájú òpó, ìyẹn ni kì í jẹ́ kó fi ipá gbá sódì kejì nígbà tí ọkọ̀ bá yí ẹ̀yìn sí afẹ́fẹ́. Ọ̀pá kọ̀ọ̀kan ní okùn tirẹ̀ létí ẹ̀yìn, àwọn okùn kéékèèké yìí yóò wá para pọ̀ di ọ̀kan tó wà lọ́wọ́ atukọ̀. Nítorí pé gbogbo ọ̀pá ló jọ ń ru ẹrù, aṣọ kì í rí ìyà púpọ̀. Bí ojú kan bá ya, ọ̀pá kò ní jẹ́ kó ya kọjá ibẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn ará Ṣáínà fi lè fi ẹní lásán ṣe ìgbòkun láyé àtijọ́. Tapólì la fi rán tiwa.

Mo pe bàbá mi ní Ẹ̀pẹ́ lórí WhatsApp kí wọ́n lè rí i. Wọ́n wò ó, wọ́n ní, "Àjàní, àpò ìrẹsì làwa fi ń rán tiwa." Mo sọ fún wọn pé ní gúúsù Ṣáínà, iṣu ni wọ́n fi ń rẹ ìgbòkun kó lè pupa, kó má sì tètè jẹrà.

"Iṣu kẹ̀? Iṣu tí à ń jẹ?"

Mo ní rárá o, iṣu inú igbó kan tí inú rẹ̀ pọ́n ni, wọ́n á rin ín, wọ́n á fún omi rẹ̀, wọ́n á sì ri aṣọ àti àwọ̀n bọ̀ ọ́. Bàbá mi dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n ní èèpo igi inú àbàtà ni bàbá tàwọn náà fi ń rẹ àwọ̀n.

Ìránṣọ yẹn kò rọrùn o. Ìgbòkun tó tẹ́ pẹrẹsẹ kì í fẹ́ bá ọkọ̀ kojú afẹ́fẹ́, ohun tí ọ̀pọ̀ òyìnbó sì fi ń bú irú ìgbòkun yìí tẹ́lẹ̀ nìyẹn. Oògùn rẹ̀ ni kí a gé ojú kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, kí a rán an kó ní ikùn díẹ̀, bí àyà ẹyẹlé. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo tú ojú kejì kí ikùn rẹ̀ tó bá ti àwọn yòókù mu.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé kan, bàbá yìí mú mi lọ sórí òkè Hoe, níbi tí èèyàn ti lè rí gbogbo ojú omi Plymouth. Ó nawọ́ sí i. Láti ibẹ̀ ni àwọn ọkọ̀ kéékèèké ti gbéra ní ọjọ́ 11 oṣù kẹfà ọdún 1960, tí wọ́n forí lé New York, ẹnì kan ṣoṣo nínú ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan. Blondie Hasler ló dá ìdíje náà sílẹ̀. Ológun ni, òun ló ṣáájú àwọn tó fi ọkọ̀ àfọwọ́tù wọ Bordeaux ní ilẹ̀ Faransé lọ́dún 1942 láti fi bọ́ǹbù ba ọkọ̀ àwọn ará Jámánì jẹ́, nínú èèyàn mẹ́wàá tó lọ, méjì péré ló padà, òun náà sì wà nínú wọn. Ọkọ̀ rẹ̀ tó ń jẹ́ Jester kò ju ẹsẹ̀ bàtà 25 lọ, ìgbòkun Ṣáínà ló sì wà lórí rẹ̀. Ihò róbótó kan wà láàárín ọkọ̀ náà tí gbogbo okùn wọ̀. Ibẹ̀ ló ń dúró sí, kò nílò kó jáde sínú ìgbì. Francis Chichester ló gba ipò kìíní ní ogójì ọjọ́, Hasler sì ṣe ìkejì ní ọjọ́ 48. Ní tèmi o, ọjọ́ 48 yẹn ló jọ mí lójú jù, torí ọkọ̀ Chichester fi púpọ̀ gùn ju tirẹ̀ lọ.

Àwọn ará Ṣáínà fúnra wọn sì ti gba ọ̀nà jíjìn kí èyí tó ṣẹlẹ̀. Lọ́dún 1846 ni ọkọ̀ kan tó ń jẹ́ Keying kúrò ní Hong Kong, ó yí gúúsù Áfíríkà po, ó dé New York lọ́dún 1847, ó sì dé Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1848. Èrò ń wọ́ lọ wò ó.

Oṣù keje la sọ tiwa sómi. Afẹ́fẹ́ ń bọ̀ láti gúúsù ìwọ̀ oòrùn, a sì forí lé Cawsand, abúlé kan létí òkun nítòsí Plymouth. Èmi ló wà nídìí ìtọ́kọ̀. Bí mo ṣe fẹ́ yí ọkọ̀ lẹ́ẹ̀kejì, okùn kéékèèké kan há sí orí ọ̀pá, ojú ìgbòkun méjì sì ká mọ́ra bí abẹ̀bẹ̀. Ẹ̀rù bà mí gidi. Bàbá kò gbé ohùn sókè, ó ní kí n dẹ okùn, kí n yí ọkọ̀ padà díẹ̀, kí n sì mi ìgbòkun náà. Ó tú.

Kò pẹ́ sígbà yẹn ni ẹ̀fúùfù bẹ̀rẹ̀ sí í le. Omi ṣú, ọkọ̀ tẹ̀, àyà mi sì já, torí mo mọ ohun tí èyí ń ṣe lọ́sà wa. Irú ẹ̀fúùfù bẹ́ẹ̀ ló gbé ẹ̀gbọ́n bàbá mi lọ. Ìgbòkun wọn kò tètè wálẹ̀, okùn rẹ̀ há sórí òpó, ọkọ̀ sì dojú dé kí wọ́n tó rí ọ̀bẹ. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí nígbà náà. Bàbá mi kò fa ìgbòkun sókè mọ́ látọjọ́ yẹn. Ẹńjìnnì ni wọ́n ń lò, owó epo rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ èrè ẹja tán.

Bàbá òyìnbó ní, "Sọ ojú méjì kalẹ̀." Mo dẹ okùn. Ọ̀pá méjì sọ̀ kalẹ̀, wọ́n dùbúlẹ̀ sínú okùn tó ń gbà wọ́n, ọkọ̀ sì nàró. Kò gbà tó ìṣẹ́jú kan. Mo tún fà á gòkè, mo tún sọ ọ́ kalẹ̀, láìjẹ́ pé ẹnì kan ní kí n ṣe bẹ́ẹ̀. Ojú mi kún fún omi, n kò sì fi pa mọ́.

Nígbà tí a ju ìdákọ̀ró sí Cawsand, mo ní kí bàbá sọ ìgbòkun náà kalẹ̀ kí n fi fóònù ká a sílẹ̀, mo sì fi fídíò náà ránṣẹ́ sí Ẹ̀pẹ́. Odindi ọjọ́ méjì ni bàbá mi kò fi fèsì. Àbúrò mi obìnrin ló sọ fún mi pé wọ́n kàn ń wò ó ni, bó bá ti parí, wọ́n á ní kó tún un ṣe. Ní ọjọ́ kẹta, wọ́n pè mí, wọn kò kí mi pé báwo ni. Wọ́n ní, "Kí ló ń gba ọ̀pá yẹn dúró tó bá wálẹ̀?" Mo ṣàlàyé okùn tó ń gbà á. Wọ́n ní ọ̀pá mélòó ni. Mo ní méje. Wọ́n ní kí ni àwọn tó ni ín ń fi ṣe é. Mo ní ọparun ni.

Fọ́tò kan wọlé láti Ẹ̀pẹ́ lálẹ́ ọjọ́ Àìkú tó kọjá, kò sí ọ̀rọ̀ kankan lábẹ́ rẹ̀. Ẹ̀yìn ilé wa ni, lẹ́bàá kànga. Wọ́n to ọparun méje ti ògiri, wọ́n ti já ewé wọn kúrò.