Ṣòkòtò Mi àti Patanmọ́

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti rí fọ́tò ìkómọ yẹn, ẹ kú ẹ̀rín. Èmi ni mo jókòó bí ìyàwó tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sìn wálé ọkọ, tí orúnkún méjèèjì lẹ̀ mọ́ra pinpin. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní mo ti ń níwà pẹ̀lẹ́, ẹ ò mọ nǹkan kan.

Gwagwalada la lọ, láti Kubwa. Òjò ti rọ̀ mọ́jú. Ẹ̀yìn ilé ni wọ́n ní ká gbé ọkọ̀ sí, níbi tí ilẹ̀ ti dà gẹ̀rẹ̀ lọ sọ́nà odò Usuma, àkùrọ̀ paraku. Bí mo ṣe sọ̀ kalẹ̀, kí ni mo rí? Patanmọ́! Ó tẹ́ sílẹ̀ bẹẹrẹ bí ẹní, òdòdó rẹ̀ róbótó-róbótó bí òwú tí wọ́n ta omi sóbò sí. Ó tó ọdún 20 tí mo ti fọwọ́ kàn án kẹ́yìn.

Ọlọ́gbọ́n á wọlé lọ kí àna rẹ̀. Èmi dúró.

Àwọn ọmọdé mẹ́rin kan ń ṣeré níbẹ̀. Mo ní, "Ẹ wá wo idán." Mo fi ìka kan ewé kan báyìí. Wéré, àwọn ewé wẹ́wẹ́ náà ń pa dé ní méjì-méjì, títí tí ọ̀pá ewé fúnra rẹ̀ fi tẹrí ba. Àwọn ọmọ hó yèè. Ariwo yẹn ló kó bá mi, nítorí bí mo bá ti rí ẹni mẹ́rin tó ń gbọ́ mi, mo ti di tíṣà nìyẹn. Mo ní kò kú o, omi oríkèé ewé ló sá kúrò níbẹ̀, tó bá tó bí ìṣẹ́jú 10, á tún ṣí. Mo ní bí ilẹ̀ bá ṣú, òun náà ń pa ewé dé sùn. Mo ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà ló ti wá, pé Linnaeus, onímọ̀ ewéko nì, sọ ọ́ ní Mimosa pudica ní 1753, pé onítìjú ni pudica ní èdè Látìn. Ta ló bi mí? Ohun tí ọmọ kan bi mí ni pé, "Ọ́ńkù, ṣé kì í géni jẹ?"

Mo ní rárá.

Odidi bàbá ọlọ́mọ mẹ́ta gbàgbé pé patanmọ́ ní ẹ̀gún! Mo lósòó dáadáa, mo di igi rẹ̀ mú, ẹ̀gún wọlé sí mi lọ́wọ́, mo ta gìrì. *Fàààà!* Mo kọ́kọ́ rò pé aṣọ ẹlòmíràn ni. Atẹ́gùn odò Usuma ló wá tọ́ka ẹni tó ni ín sí mi. Ọjọ́ yẹn náà ló sì wù mí láti wọ pátá pupa fòò.

Ẹ jẹ́ á fi patanmọ́ sílẹ̀ ná, télọ̀ mi ni ká jọ bú. Yáàdì 5 ni mo gbé fún un. Mo ní kó rọ̀ mí lára, ó ní, "Ọ̀gá, bó ṣe ń lọ báyìí nìyí." Ó rán ṣòkòtò fún mi bí awọ gángan, ó fi òwú aláǹtakùn gán an. Èyí tó ṣẹ́ kù nínú yáàdì 5 náà, mo rí i lára ọmọ rẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá. Ó fẹ̀ fún ọmọ yẹn dáadáa!

Mo ní kí ìyàwó mi yá mi ní ìborùn. Ó wo ẹ̀yìn mi, ó rẹ́rìn-ín títí tìróò fi ṣàn, ó ní aṣọ ẹbí ni, òun ò lè bọ́ ọ. Mo fi ẹ̀gbẹ́ wọlé bí akàn. Ó wá ku bí mo ṣe máa dọ̀bálẹ̀ fún bàbá ìyàwó mi. Mo dọ́gbọ́n, mo ní ẹ̀yìn ń dùn mí. Háà, Bàbá gbàdúrà! Wọ́n gbàdúrà fún ẹ̀yìn yìí títí ọbẹ̀ fi tutù, wọ́n tún ní kí wọ́n wá Róòbù wá, kí n ká bùbá sókè kí wọ́n bá mi fi pa á.

Mo ní ó ti san.

Bí mo ṣe wá jókòó ti Bàbá nìyẹn, tí mo pa itan mọ́, tẹ́ ẹ wá ya fọ́tò. Kò pẹ́, ọmọ tó bi mí níbèérè lẹ́ẹ̀kan dé, àwọn mẹ́ta yòókù tẹ̀ lé e. Ó fi ìka kan orúnkún mi, ó sún sẹ́yìn, ó ń wò mí.

"Ọ́ńkù, ìṣẹ́jú 10 ti kọjá o. Ìgbà wo lẹ máa ṣí?"