Owó ẹyọ méjì lára okùn kan

Ọjọ́rú. Iṣẹ́ òní dá lórí bí a ṣe máa kọ ìwé kejì tó tẹ̀ lé ti àkọ́kọ́. Ìtàn àròsọ ni, òkùnkùn àti oògùn ló kún inú rẹ̀, Ọ̀yọ́-Ilé ni ìlú tó ti ṣẹlẹ̀. Ìkà tí gbogbo ìlú ń sá fún ti kú ní ìparí ìwé kìíní. Ta ni ká wá bẹ̀rù báyìí?

Ibí ni ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé ti máa ń ṣìnà. Wọ́n á lọ wá ìkà mìíràn tó ju ti àkọ́kọ́ lọ. Bí ti ìṣáájú bá ń di ẹkùn, ti ìkejì á máa di ẹkùn olórí mẹ́ta. Òǹkàwé kò ní í sá mọ́, ẹ̀rín ni yóò máa rín.

Ìtàn Ọ̀yọ́ fúnra rẹ̀ gbọ́n ju bẹ́ẹ̀ lọ. Baṣọ̀run Gáà ni ìwé kìíní. Wọ́n ní ó ń di ẹkùn, ó ń di erin. Aláàfin Awọ́nbíojú tó kọ̀ tí kò dọ̀bálẹ̀ fún un, 130 ọjọ́ péré ló lò lórí oyè. Àwọn ọmọ Gáà fọ́n ká gbogbo ilẹ̀ Ọ̀yọ́. Ìṣákọ́lẹ̀ tó yẹ kó wọ ààfin, ọ̀dọ̀ wọn ló ń lọ. Ní 1774 ni Aláàfin Abíọ́dún rí ẹ̀yìn Gáà. Lẹ́yìn náà ńkọ́? Kò sí ẹkùn mọ́. Ohun tó kù ni owó. "Láyé Abíọ́dún la figbá wọnwó, láyé Awólẹ̀ la dì àdìkálẹ̀." Awólẹ̀ ló jọba lẹ́yìn Abíọ́dún; láyé tirẹ̀, ẹrù ni wọ́n dì láti sá.

Gbogbo ayé ló ń fi ìlàjì àkọ́kọ́ yẹn yangàn. Ohun tó yẹ kó ta sí etí ẹni tó ń kọ ìtàn ni pé wọ́n wọ̀n ọ́n, wọn ò kà á. Níbi tí wọn kò bá ti ka owó mọ́, olè ti rí ọ̀nà.

Ẹ jẹ́ ká wo bí wọ́n ṣe máa ń kà á láyé àtijọ́. Márùn-ún márùn-ún ni ọwọ́ ń fa ẹyọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lórí ẹní. 40 ni okùn kan. 50 okùn ni ẹgbàá, ìyẹn 2,000. Ẹgbàá mẹ́wàá ni ọ̀kẹ́ kan, 20,000, ó sì tó ẹrù fún alágbára kan. Nínú ìwé tiwa, ẹnì kan ń yọ ẹyọ méjì lára okùn owó bodè kọ̀ọ̀kan. 38 àti 40, ojú kò lè mọ̀ wọ́n yàtọ̀ bí okùn bá so kọ́. Ṣùgbọ́n 500 okùn ló wà nínú ọ̀kẹ́ kan. 1,000 ti lọ nìyẹn. Bí ogún ọ̀kẹ́ bá kọjá, odindi ọ̀kẹ́ kan ti bọ́ sápò ẹnì kan, láìfọ́ ilé, láìpa èèyàn.

(Ẹ má kọ ọ́ pé ẹnì kan "ki ọwọ́ bọ àpò, ó yọ ọ̀kẹ́ mẹ́wàá fún oníbodè." Ọ̀kẹ́ mẹ́wàá, aláàárù mẹ́wàá ni. Ogún ojú á ti rí àbẹ̀tẹ́lẹ̀ náà kó tó dé ẹnu ọ̀nà. Owó tó wúwo báyìí kì í bo àṣírí, ẹ lò ó bẹ́ẹ̀.)

Ta wá ni olè náà? Òsì Ẹfà la mú. Nínú àwọn ìwẹ̀fà ńlá mẹ́ta ayé ìgbà náà, ìyẹn àwọn ìránṣẹ́ ọba tí a ti tẹ̀ lọ́dàá, Ọ̀nà Ẹfà ń dájọ́, Ọ̀tún Ẹfà ń mójú tó ọ̀rọ̀ Ṣàngó, Òsì Ẹfà ni owó ọba wà lọ́wọ́ rẹ̀. Òun náà sì wà lára àwọn tó gbọ́dọ̀ bá ọba kú. Nítorí náà, kì í ṣe ojúkòkòrò ló ń sún un jalè. Ọjọ́ tí ọba bá sùn tí kò jí, tirẹ̀ náà ti parí. Owó bodè ló fi ń ra oògùn tí kò ní í jẹ́ kí ọba kú.

Oògùn láìní iye, eré ọmọdé ni. Iye tí a bù lé e: okùn kan tó pé géérégé, ọjọ́ kan lé ẹ̀mí ọba. Bí ó bá dín, ọba yóò ṣì rí ọjọ́ náà lò, ṣùgbọ́n ará ìlú kan ni yóò fi ẹ̀mí rẹ̀ dí àlàfo ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí a bá fi máa dé orí kẹwàá, òun fúnra rẹ̀ ti sọ gbogbo okùn ìlú di 38. Kò rí èyí tó pé rà mọ́.

Ìrántí ìwé kìíní kò gbọdọ̀ ju gbólóhùn mẹ́ta lọ ní orí àkọ́kọ́. Ẹ jẹ́ kí ilé Gáà tí koríko ti bò ṣe ìyókù.

Ní ti ìparí, a kò fẹ́ ogun. Nínú ìtàn Ọ̀yọ́, wọ́n fi igbá òfìfo tí a dé lórí ránṣẹ́ sí Awólẹ̀, àmì pé kó kú. Kó tó kú, ó ta ọfà sí ọ̀nà mẹ́ta, ó sì fọ́ àwo mọ́lẹ̀, nítorí igbá tó fọ́ là ń so, a kì í so àwo. Igbá tí wọ́n fi ń wọnwó ní orí kìíní gbọ́dọ̀ padà wá lófìfo ní orí ìkẹyìn. Kí ó jẹ́ igbá kan náà, pẹ̀lú ibi tó ti sán létí.

Ihò kan ṣì wà tí ẹni tó mọ ìṣirò yóò kàn. Bí o bá tú okùn kan nínú ogún, ẹyọ 38 inú rẹ̀ yóò sọ mọ́kàndínlógún yòókù di 40. Kí ló dé tí Òsì Ẹfà kò kúkú tún wọn sín? Èèwọ̀ la fi dí i: ọwọ́ tó bá ti yọ ẹyọ kò gbọdọ̀ sín okùn mọ́. Ó ní láti wá ẹlòmíràn tí yóò máa bá a sín in lóru, kó sì sọ ìdí rẹ̀ fún un. Ẹni náà yóò ka okùn àkọ́kọ́ márùn-ún márùn-ún lábẹ́ fìtílà títí yóò fi pé 40. Lẹ́yìn náà, yóò wo ẹ̀yìn, yóò sì yọ méjì.