Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nídìí iṣẹ́ ọlọ́pàá àti ti áńbúláǹsì nínú roleplay

Ẹ̀yin àbúrò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba aṣọ ọlọ́pàá tàbí ti áńbúláǹsì lórí server roleplay, eré orí íntánẹ́ẹ̀tì tí kálukú ti ń ṣe bí ẹ̀dá ìtàn kan, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ èyí tó máa ń ṣòro gbà jù: wọn ò gbà yín síṣẹ́ kí ẹ lè máa borí. Olè lè sá mọ́ yín lọ́wọ́, ẹni tó fara gbọta lè kú síwájú yín, kí eré ọjọ́ náà sì dùn ju èyí tí ẹ ti mú gbogbo èèyàn lọ. Àwọn tó ń ṣe olè, oníṣòwò àti awakọ̀ ló máa ń bẹ̀rẹ̀ ìtàn. Ọwọ́ yín ló kù sí bóyá ìtàn náà á gbèrú tàbí á kú sínú sẹ́ẹ̀lì láàárín ìṣẹ́jú 3.

Ọ̀pọ̀ server tí ẹ máa bá pàdé ń ṣiṣẹ́ lórí FiveM, ètò tí wọ́n fi ń dá server tiwọn sílẹ̀, tó gbára lé GTA V, eré tó jáde lọ́dún 2013. Los Angeles ni wọ́n wò kọ́ ìlú Los Santos inú rẹ̀, ìdí nìyẹn tí ìṣe ọlọ́pàá Amẹ́ríkà fi gba ibẹ̀ kan. Síbẹ̀, server kọ̀ọ̀kan ló ní ìwé òfin tirẹ̀: ẹ̀ṣẹ̀ tó ń gba owó ìtanràn, èyí tó ń gba ẹ̀wọ̀n, ìgbà tí ọlọ́pàá lè yọ ìbọn. Ẹ kà á tán kí ẹ tó wọṣọ. Ọlọ́pàá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá òfin nígbà tí ẹni tó dá dúró ti ń wò ó lẹ́nu, àkókò ẹlòmíì ló ń jẹ.

Lẹ́yìn òfin, /me àti /do, àṣẹ méjì tí ẹ ń tẹ̀ sínú àpótí ọ̀rọ̀, ni kí ẹ mọ̀ bí ẹní mowó. /me ń sọ ohun tí ẹ̀dá ìtàn yín ń ṣe tí ojú lè rí. /do ń sọ bí nǹkan ṣe rí láyìíká, òun náà la sì fi ń béèrè. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kéèyàn kọ ohun tó ń ṣe àti àbájáde rẹ̀ pọ̀: “/me yí apá rẹ̀ sẹ́yìn, ó dè é ní ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀, ó sì gba ìbọn inú àpò rẹ̀.” Powergaming nìyẹn, ẹ ti gba eré ẹnì kejì ṣe mọ́ tiyín. Bó ṣe yẹ kó lọ rèé:

/me di ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ mú, ó ń gbìyànjú láti yí i sẹ́yìn.
/do Ṣé ó ń jà, àbí ó gbà?

Kí ẹ wá dúró. Títí èsì á fi wọlé, ẹ má tẹ nǹkan kan mọ́. Bákan náà ni yíyẹ ara wò: “/do Kí ni ọwọ́ máa bá nínú àpò òsì jákẹ́ẹ̀tì yẹn?” Ẹni tí ẹ bi gbọ́dọ̀ sọ òótọ́ nínú /do, ẹnu ẹ̀dá ìtàn rẹ̀ ló lè fi parọ́. Bó bá fi /do parọ́, ẹ má dá eré dúró láti jiyàn. Ẹ ṣe é parí, ẹ tọ́jú fídíò rẹ̀, kí ẹ gbé e fún àwọn alákòóso lẹ́yìn náà.

Ní ti metagaming, ìyẹn fífi ohun tí ẹ gbọ́ níta eré ṣiṣẹ́ nínú eré, ọlọ́pàá ni ìdẹwò rẹ̀ pọ̀ fún jù. Orúkọ tó ń léfòó lókè orí èèyàn, ohun tí ọ̀rẹ́ sọ lórí Discord, ohun tí ẹ rí lórí stream ẹlòmíì: ẹ̀dá ìtàn yín ò mọ ìkankan nínú rẹ̀. Èyí tí kì í ṣe kedere sí ọ̀pọ̀ ni ìkìlọ̀ tí server ń fi ránṣẹ́ fúnra rẹ̀ nígbà tí ìbọn bá dún. Àmì á yọ lórí máàpù, ọkọ̀ 6 á sì ti já lé ojú ibẹ̀ gan-an kí olè tó wọ ọkọ̀ tirẹ̀. Ẹ mú àmì yẹn bíi pé aládùúgbò kan ló pè yín: ó gbọ́ ìró, kò mọ ẹni tó yìnbọn, kò mọ ilé tó sá wọ̀. Ẹ lọ sí àdúgbò náà, ẹ béèrè, ẹ wá a kiri.

Rédíò ni mo fi ń mọ ẹni tó máa wúlò nídìí iṣẹ́ yìí. Kódù tó ń fi “ten” bẹ̀rẹ̀ ti wà láti 1937. Charles Hopper, tó ń ṣiṣẹ́ rédíò fún ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ Illinois, ló gbé e kalẹ̀. Rédíò ayé ìgbà náà kì í tètè gbéra, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó bá jáde lẹ́nu sì sábà máa ń gé. “Ten” ló ń forí gba gígé yẹn kí nọ́ńbà tó tẹ̀ lé e lè délé. Àrùn kan náà ló ń ṣe bọ́tìnì rédíò inú eré títí dòní: ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ mí lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ tó sọ̀rọ̀, ẹ má sì jáwọ́ kí gbólóhùn tó parí. Ẹ pe ẹni tí ẹ ń bá sọ̀rọ̀, ẹ sọ nọ́ńbà yín, ibi tí ẹ wà, ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ohun tí ẹ nílò, kí wọ́n tẹ̀ léra wọn bẹ́ẹ̀. Bí íntánẹ́ẹ̀tì bá gé yín lágbede méjì, wọ́n á kúkú ti mọ ibi tí wọ́n á ti wá yín. 10-4 ni pé ẹ gbọ́, 10-20 ni ibi tí èèyàn wà, 10-8 ni pé ẹ ti wà lẹ́nu iṣẹ́, 10-7 ni pé ẹ ti kúrò. Àwọn yòókù ń yí ìtumọ̀ láti server kan sí òmíràn. Bí kódù kan kò bá dá yín lójú, ọ̀rọ̀ lásán ni kí ẹ lò.

Nígbà tí ẹ bá ń lé ọkọ̀, ohùn kan ṣoṣo ló gbọ́dọ̀ wà lórí rédíò. Ọkọ̀ kejì ló yẹ kó máa sọ̀rọ̀, kí awakọ̀ ọkọ̀ àkọ́kọ́ lè gbájú mọ́ títì. Ohun tó máa sọ ni orúkọ títì, ibi tó dojú kọ, bó ṣe ń sáré tó, bí ọkọ̀ ṣe pọ̀ tó lójú ọ̀nà, iye èèyàn inú rẹ̀. Ẹ̀yin tó kù, ẹ pa ẹnu mọ́ àyàfi tí wọ́n bá pè yín. Ọkọ̀ 3 lẹ́yìn olè ti tó. Bó bá ti di 9, desync á wọ̀ ọ́, ìyẹn ni pé ohun tí kọ̀ǹpútà kálukú ń fi hàn ò ní bára mu mọ́: ọkọ̀ tó jìnnà díẹ̀ lójú tiyín á ti kọlu olè lójú tirẹ̀, ẹ̀yin lẹ ó sì jẹ̀bi.

Dídá ọkọ̀ dúró ni iṣẹ́ tí ẹ máa ṣe jù, òun ni mo rí i tí wọ́n ń kánjú ṣe jù pẹ̀lú. Ẹ ti wo nọ́ńbà ọkọ̀ náà nínú kọ̀ǹpútà kí ẹ tó tan iná, torí bó bá ti dúró tán, ojú yín ò gbọdọ̀ kúrò lára rẹ̀ mọ́. Ẹ yan ibi tí etí títì ti fẹ̀. Ẹ sọ ibẹ̀, nọ́ńbà, àwọ̀ ọkọ̀ àti iye èèyàn lórí rédíò. Ẹ páàkì sẹ́yìn rẹ̀, kí àlàfo tó gùn tó ọkọ̀ kan wà láàárín, kí ọkọ̀ yín sì yọ sọ́wọ́ òsì díẹ̀ kó lè dáàbò bò yín lọ́wọ́ ọkọ̀ tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Ẹ má ṣe dúró síwájú ọkọ̀ rẹ̀ láé, ẹ má sì dúró sáàárín ọkọ̀ méjèèjì. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn awakọ̀ díẹ̀ ni ibi ìdúró, kó jẹ́ pé yóò yí ọrùn kó tó rí yín.

Ẹ kí i, ẹ sọ orúkọ àti ẹ̀ka yín, ẹ sọ ìdí tí ẹ fi dá a dúró, kí ẹ wá béèrè ìwé ìwakọ̀. Ibí yìí ni eré wà. Ẹ bi í ibi tó ti ń bọ̀. Ẹ jẹ́ kó rí àyè parọ́, kí ẹ sì jẹ́ kí irọ́ rẹ̀ jẹ nígbà mìíràn. Ìṣẹ́jú 5 sí 10 tó fún un, ìkìlọ̀ ẹnu lásán sì lè jẹ́ òpin rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, mo mọ̀ pé ẹ̀yìn ọkọ̀ lè kún fún ẹrù tí òfin kà léèwọ̀. Bí ẹ ò bá rí ìdí kan nínú eré láti yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ jẹ́ kó lọ. Ẹni tí wọ́n bá tú ọkọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin lálẹ́ ọjọ́ kan ò ní padà wá lọ́la.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ Miranda: látinú ìdájọ́ ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ní Amẹ́ríkà ló ti wá, Miranda v. Arizona, 1966. Ìgbà tí afurasí bá ti wà ní àhámọ́, tí ẹ sì fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í bi í ní ìbéèrè lórí ẹ̀sùn, ni wọ́n ń kà á. Ẹ̀yin àbúrò kan máa ń tẹ̀ ẹ́ jáde lẹ́ẹ̀kan náà bí ẹni fọ́n omi, nígbà tí ẹni náà ṣì ń sáré. Ohun 4 ló wà nínú rẹ̀: ó lè dákẹ́, ohun tó bá sọ lè di ẹ̀rí takò ó ní kóòtù, ó lẹ́tọ̀ọ́ sí agbẹjọ́rò, bí kò bá lówó rẹ̀, wọ́n á yan ọ̀kan fún un. Ẹ bi í bóyá ó yé e, kí ẹ dúró gbọ́ ìdáhùn.

Ẹ̀sùn tí ẹ lè fìdí rẹ̀ múlẹ̀ nìkan ni kí ẹ kọ. Ẹ̀sùn 11 lórí olè ṣọ́ọ̀bù kan kò fi yín hàn bí akíkanjú. Ìṣẹ́jú gidi nínú ayé èèyàn ni ẹ̀wọ̀n inú eré, ó jókòó, kò lè ṣe nǹkan kan. Nínú ìròyìn yín, ẹ kọ aago, ibi, ìdí tí ẹ fi dá a dúró, ẹni tó ṣe kí ni, ẹ̀rí tí ẹ rí àti ẹni tó kó o. Bí agbẹjọ́rò bá rí àlàfo nínú rẹ̀ tó sì gba oníbàárà rẹ̀ sílẹ̀, ẹ má bínú. Eré ti di méjì nìyẹn.

Ó yá, ẹ̀yin ti áńbúláǹsì. Ẹ má wọ ibi tí ìbọn ti ń dún títí ọlọ́pàá á fi sọ lórí rédíò pé ibẹ̀ ti mọ́. Ẹ dúró ní títì kejì, kí ẹ sì sọ pé ibẹ̀ lẹ wà. Bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ aláìsàn, ẹ má fẹnu ara yín sọ ohun tó ṣe é. Ẹ béèrè: “/do Kí ni ojú rí lára rẹ̀? Níbo ni ẹ̀jẹ̀ ti ń jáde?” Òun ló ni ara rẹ̀, òun náà ló sì ń pinnu bóyá ẹ̀dá ìtàn rẹ̀ máa kú. Ẹlòmíì á kọ ọ́ sí àpótí ọ̀rọ̀ ìta eré pé ọta 2 ló wà nínú ikùn òun. Ẹ ṣe bíi pé ẹ ò kà á, ẹ fi ọwọ́ wá a.

Ẹ̀jẹ̀ tó ń tú yàà lẹ kọ́kọ́ ń dá dúró, lẹ́yìn náà ọ̀nà ọ̀fun, mímí, kí ẹ tó kan ìlùkìkì ọkàn. Tourniquet, ìgbànú tí wọ́n fi ń fún apá tàbí ẹsẹ̀ pinpin, ibi tó ga ju ojú ọgbẹ́ lọ ní sẹ̀ǹtímítà 5 sí 7 ló ń wà, kì í wà lórí oríkèé, wọ́n sì máa ń kọ aago tí wọ́n so ó. Àgbàlagbà tára rẹ̀ dá, ọkàn rẹ̀ ń lù ní 60 sí 100 ní ìṣẹ́jú kan, ó ń mí ní 12 sí 20. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀ kì í rí bẹ́ẹ̀: ìlù ọkàn á kọ́kọ́ sáré dé 120 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ara á tutù, á máa làágùn, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ á ṣẹ̀ṣẹ̀ wá já wálẹ̀ lẹ́yìn náà. Nítorí náà, kí ẹ kọ 72 fún ẹni tí ọta 2 wà nínú rẹ̀, ó ń pa onímọ̀ lẹ́rìn-ín.

Bí ọkàn bá dúró, títẹ àyà jẹ́ 100 sí 120 ní ìṣẹ́jú kan, kó wọlé ní sẹ̀ǹtímítà 5 sí 6, títẹ̀ 30 sí èémí 2. Ẹ má fi iná mọ̀nàmọ́ná ta ẹni tí ìlà ọkàn rẹ̀ ti tẹ́ pẹrẹsẹ. Ọkàn tó ń gbọ̀n jìnnìjìnnì láìlù ni iná yẹn wà fún. Ìlà tó tẹ́ ń fẹ́ títẹ àyà àti oògùn. Òṣùwọ̀n Glasgow, tí wọ́n fi ń wọn bí aláìsàn ṣe wà lójúfò tó, tí Teasdale àti Jennett gbé jáde ní 1974, mo ń rí i tí wọ́n ń ṣì í lò ní gbogbo ìgbà: ojú 4, ọ̀rọ̀ 5, ìgbéra 6, àpapọ̀ 15. Ibi tó kéré jù ni 3, kódà fún òkú, torí náà kò sí 0.

Lẹ́yìn ìjà ìbọn tó dá èèyàn 8 sílẹ̀, ẹ má lẹ̀ mọ́ ọ̀kan. START, ìlànà fífi àwọ̀ pín àwọn tó fara pa kí ẹ lè mọ ẹni tó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ tọ́jú, tí wọ́n ṣe ní Newport Beach, California, ní 1983, ló yẹ kí ẹ lò. Ẹ ké pé kí ẹni tó bá lè rìn wá: àwọ̀ ewé, ó lè dúró. Ẹni tí kò mí, ẹ ṣí ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀. Bí kò bá mí síbẹ̀, dúdú ni, ó ti kú; bó bá mí, pupa, òun lẹ máa kọ́kọ́ tọ́jú. Ẹni tó ń mí ju 30 lọ, pupa. Ẹ tẹ èékánná. Bí ẹ̀jẹ̀ bá pẹ́ ju ìṣẹ́jú àáyá 2 lọ kó tó padà síbẹ̀, pupa. Ẹni tí kò lè ṣe ohun tí ẹ ní kó ṣe, pupa. Àwọn tó kù jẹ́ yẹ́lò, wọ́n tẹ̀ lé pupa. Ìdajì ìṣẹ́jú ló yẹ kí ẹnì kan gbà. (Ìmọ̀ eré nìyí o, bí ọ̀rọ̀ bá ṣẹlẹ̀ lójú ayé, ẹ pe àwọn tó kọ́ iṣẹ́ náà.)

Ibi tí iṣẹ́ méjèèjì ti pàdé ló dùn jù, òun sì ni wọ́n ń fò. Ọta tí dókítà yọ lára afurasí, ẹ̀rí ni. Ó máa ń wọ inú àpò, wọ́n á kọ orúkọ àti aago sí i, ọlọ́pàá á buwọ́ lù ú. Ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ní Amẹ́ríkà ló ní kí ilé ìwòsàn fi tó ọlọ́pàá létí bí ẹni tí wọ́n yìnbọn fún bá wọlé. Ṣùgbọ́n ohun tí aláìsàn fẹnu sọ fún nọ́ọ̀sì, àṣírí ni. Kí dókítà ní òun ò lè sọ, kí ọlọ́pàá máa rọ̀ ọ́, kí afurasí máa gbọ́ wọn láti orí bẹ́ẹ̀dì: ìdajì wákàtí eré ti dá nìyẹn. Ẹ ṣáà má fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ de ọwọ́ tí nọ́ọ̀sì fẹ́ gún lábẹ́rẹ́.

Bí ẹ bá fẹ́ kúrò lórí server, ẹ kọ́kọ́ fa afurasí tàbí aláìsàn tó wà lọ́wọ́ yín lé ẹlòmíì lọ́wọ́, ẹ parí ìròyìn, ẹ dá ọkọ̀ padà sí gáréèjì, kí ẹ tó pe 10-7.