Fíìmù ìfẹ́ àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì

Lálẹ́ àná, ọkàn mi wúwo gan-an. Àbúrò mi obìnrin gbé láptọ́ọ̀pù wá sórí bẹ́ẹ̀dì, ó ní, “Àǹtí mi, ẹ sún díẹ̀.” La bá tún wo 10 Things I Hate About You, fíìmù ọdún 1999 tí wọ́n fa ìtàn rẹ̀ yọ látinú eré Shakespeare. Mo mọ ibi tí Julia Stiles, òṣèrébìnrin inú fíìmù náà, ti máa ka ewì ní kíláàsì, tí ẹkún á gbọ̀n ọ́n lóhùn. Síbẹ̀, omi tún bọ́ lójú mi. Bí mo ṣe mọ òpin rẹ̀ gan-an ló ń tù mí nínú: ẹnikẹ́ni ò ní kú, àwọn olólùfẹ́ inú rẹ̀ á sì parí ìjà. (Ẹ má pè é ní fíìmù ọmọdé o.) Kó tó parí, àbúrò mi ti sùn lọ léjìká mi. Mi ò jí i.