Ọjọ́ Tí Mo Pààrọ̀ Kọ́kọ́rọ́

Ọmọ mi ọkùnrin ti pé ọdún 29 nígbà tí mo pe káfíńtà wá láti pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn àbáwọlé wa. Kọ́kọ́rọ́ mẹ́ta ni ó bá ti tuntun náà wá: mo fún bàbá wọn ní ọ̀kan, mo mú ọ̀kan, mo sì so ẹ̀kẹta mọ́ etí gèlè àtijọ́ kan nínú àpótí aṣọ mi.

Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́ kí ó tó dé ibẹ̀. Oògùn ikọ́ olómi tí ó ní kodéènì nínú ni ó kọ́kọ́ ń mu ní ilé-ìwé gíga, èmi sì rò pé òtútù ni ó ń bá a jà. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ fòfin de ṣíṣe oògùn náà àti kíkó o wọ̀lú ní oṣù Karùn-ún ọdún 2018, mo dúpẹ́ bí ẹni pé èmi gan-an ni wọ́n ṣòfin fún, àfi bí ọmọ mi ṣe yà sórí tramadol, oògùn apàrora. Sílíńdà gáàsì ni ó kọ́kọ́ lọ, lẹ́yìn náà bàtà bàbá wọn, lẹ́yìn náà fáànù pálọ̀. Mo máa ń rà wọ́n padà, mo sì máa ń san gbèsè tí ó bá jẹ, kí ará àdúgbò má baà gbọ́. Oṣù kan wà tí owó ìfẹ̀yìntì mi wọlé ní ọjọ́ Ẹtì tí ó sì tán ní ọjọ́ Àìkú, láìjẹ́ pé mo ra iyọ̀.

Nígbà tí ẹbí gbọ́ nípa kọ́kọ́rọ́, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi pè mí, wọ́n ní, “Ìyàwó wa, ọmọ ẹni kì í burú títí ká fi fún ẹkùn pa jẹ.” Mo ní, “Ẹ ṣeun, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà á sí ọ̀dọ̀ yín fún oṣù kan péré.” Wọ́n ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò dára. Òwe náà kò burú, ṣùgbọ́n owó tí mo ń kà lé e lọ́wọ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni ẹkùn tí ó ń pa á jẹ.

Bàbá wọn kọ àdéhùn wa sínú ìwé, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì fọwọ́ sí i: oúnjẹ wà fún un nígbàkúùgbà tí ojú rẹ̀ bá dá, kò ní sùn sílé, a kò ní fi owó lé e lọ́wọ́, ọjọ́ tí ó bá sì ní òun fẹ́ ìtọ́jú, àwa ni a ó mú un lọ, a ó sì san owó náà fún ilé ìwòsàn. Aró, ilé ìwòsàn àrùn ọpọlọ ní Abẹ́òkúta, ni ó wà lọ́kàn mi, níbi tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéoyè Lambo ti fi àwọn aláìsàn wọ̀ sí ilé àwọn ará abúlé ní àwọn ọdún 1950, tí ó sì jẹ́ dandan kí ìbátan kan bá aláìsàn wá gbé. Bí ọmọ mi bá gbà láti lọ, èmi náà yóò di ẹrù mi.

N kò ní purọ́, èmi ni mo kọ́kọ́ rú òfin náà. Òjò ń rọ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan, ó jókòó sí abẹ́ àtíbàbà aláta níwájú ilé wa, mo sì ṣílẹ̀kùn fún un. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, aago ọwọ́ mi ti lọ. Bàbá wọn kò bá mi jà. Wọ́n kàn na ìwé àdéhùn náà sí mi.

Ní ọjọ́ Àìkú tí ó kọjá, ó wá, ó jẹ àmàlà, ó fọ àwo rẹ̀, ó sì ní kí n fún òun lówó ọkọ̀. Mo wọ bàtà, mo sìn ín dé ibùdókọ̀, mo sì fi owó náà lé awakọ̀ lọ́wọ́ fúnra mi. Ó dijú mọ́rí títí ọkọ̀ fi kún, kò sì wo ẹ̀yìn.