Òkúta ìrántí ogun lórí pákó: peregun ló fẹ́ pa mí

Ọ̀sẹ̀ karùn-ún rèé. Àwòṣe kékeré òkúta ìrántí àwọn tó bógun lọ ni mò ń mọ, irú èyí tí ì bá wà láàárín abúlé kan lẹ́bàá Kétu wa níbí ní ilẹ̀ Benin, pẹ̀lú ọgbà tó yí i ká. Orí pákó kan tó gùn ní 40 sẹ̀ǹtímítà, tó fẹ̀ ní 30, ni gbogbo rẹ̀ máa wà. Sẹ̀ǹtímítà 2 ló dúró fún mítà kan, géńdé ọkùnrin ò ga ju 3.5 lọ.

Òkúta fúnra rẹ̀ ò yọ mí lẹ́nu púpọ̀. Mo fi páálí ṣe àpótí tẹ́ẹ́rẹ́, mo po sìmẹ́ǹtì dà sínú rẹ̀. Ti àkọ́kọ́ bàjẹ́: páálí mu omi, ikùn rẹ̀ yọ bíi ti aboyún. Nígbà kejì, mo kọ́kọ́ fi àbẹ́là pa inú páálí, ó sì jáde gúnrégé.

Mo fi abẹ́rẹ́ họ 1914–1918 sí iwájú rẹ̀, nítorí ẹ̀gbọ́n bàbá bàbá mi tí Faransé mú ṣe sójà, tí kò sì padà wálé. (Àwọn kan ti sá gba ọ̀nà Ìmẹ̀kọ lọ sọ́dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní Nàìjíríà kí wọ́n má bàa rí wọn mú.) Bàbá káfíńtà tó fún mi ní pákó wá wò ó, wọ́n ní: "Ṣé ogun òyìnbó nìkan ló kàn wá ni?" Ẹnu mi wọhò. Ọdún 1886 ni Dàhòmì fọ́ Kétu, tí wọ́n kó àwọn tí wọn ò pa lẹ́rú. Ìgbà tí Faransé wọ Àgbómẹ̀, olú ìlú Dàhòmì, ní 1892 ni ọ̀nà tó là fún àwọn tó ṣẹ́kù láti padà wá tún ìlú dó. Mo họ 1886 sí ojú kejì. Orúkọ ni mi ò dán wò: lẹ́tà tó bá ga ní sẹ̀ǹtímítà 5 lójú ayé, mìlímítà kan péré ni lórí pákó mi.

Erùpẹ̀ ẹ̀yìnkùlé wa ni mo fi tẹ́ ilẹ̀, ó pupa bí odi ìlú ní Àkàbà Ìdẹ́nà, ẹnubodè Kétu àtijọ́. Asẹ́ ò kúnná tó, gèlè ìyàwó mi ni mo fi sẹ́ ẹ. Ó ti rí i. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Peregun wá ńkọ́? Ọgbà náà jẹ́ mítà 8 ní ìbú àti òòró, mo fi ẹnu ọ̀nà mítà 2 sílẹ̀. Bí mo bá gbìn ín ní ìdajì mítà síra, nǹkan bí ọgọ́ta ló máa gbà. Háhá àgbàdo ni mo fi ṣe ewé. Mo rẹ ẹ́ sínú aró aláwọ̀ ewé, mo fi rézà là á wẹ́wẹ́, mo so ewé márùn-ún mọ́ orí ìgbálẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ó di àárọ̀, gbogbo wọn ti ká jọ bí ekòló! Mo tún òmíràn ṣe. Lọ́tẹ̀ yìí, bí mo ṣe yọ háhá nínú aró ni mo tẹ́ ẹ sáàárín bébà, mo fi áyọ́ọ̀nù tí kò gbóná púpọ̀ lọ̀ ọ́ títí ó fi gbẹ, kí n tó fọwọ́ kan rézà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko.

Mo fi rúlà tò wọ́n, wọ́n lọ gbọọrọ. Bàbá káfíńtà tún dé.

"Ta ló fi okùn na peregun báyìí? Èyí tí bàbá mi gbìn sí ààlà oko, ọ̀kan ń wo oòrùn, ìkejì ń wo ọjà."

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, gọ́ọ̀mù rẹ̀ ò tíì gbẹ."

Wọn ò gbọ́. Wọ́n fi ìka fa mẹ́ta wọ́, wọ́n ti ọ̀kan sẹ́yìn. Nígbà tí wọ́n lọ tán, mo gbé rúlà, mo wò ó títí, mo gbé e sílẹ̀. Mo wá fọwọ́ ara mi wọ́ méje sí i.

Odán ló kù, èyí tí àwọn àgbà máa jókòó sí abẹ́ rẹ̀. Mo ti lọ́ wáyà gbòǹgbò rẹ̀; kànìnkàn tí mo fẹ́ fi ṣe ewé ni mò ń wá, ìyàwó mi sì ti kó ti ilé pamọ́.